Ohùn Ọkọ Mi Nínú Mashíìnì

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò di ẹ̀bi rù, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi: èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe ọmọ tó tajà fún mi, kì í ṣe àwọn oníná, kì í sì í ṣe ayé. Èmi Abọ́sẹ̀dé tí mo ti ń ta fóònù ní Mọ́kọ́lá láti ọdún mọ́kànlá, tí àwọn ọkùnrin tó kàwé jù mí lọ ń gbé fóònù tó ti dákú wá bá pé kí n bá àwọn wò ó, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi pa ohùn ọkọ mi rẹ́.

Jóṣúà lorúkọ ọkọ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onítẹ̀bọmi láti inú wá. Òun ni ọ̀gá akọrin ní ìjọ wa ní Agbówó, ó sì ní yàrá kékeré kan lẹ́yìnkùlé tó ti ń ṣe orin fún àwọn ìjọ tí kò ní onílù tí kò sì ní onídùùrù. Kọ̀ǹpútà kì í wọ yàrá náà. Ó ní kọ̀ǹpútà a máa dákú nígbà tí orin bá ń dùn lọ́wọ́. Mashíìnì kan ló ń lò, tòkunbọ̀ ni, kò fẹ̀ ju Bíbélì ńlá méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Páàdì rọ́bà mẹ́rìndínlógún ló wà lójú rẹ̀. Ohùn tó bá wù ọ́ lo máa fi sábẹ́ páàdì kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe ìlù, ìbáà ṣe dùùrù, ìbáà ṣe àtẹ́wọ́. Tó o bá ti fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ohùn yẹn á jáde.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn ni ọ̀nà ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. A rò pé ariwo akọrin ni. A lo oyin, a lo ata ilẹ̀, a lo gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ní ká lò. Nígbà tí a máa fi dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní jẹjẹrẹ ni, àti pé bí a bá fẹ́ kó wà láàyè, àwọn ní láti gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò pátápátá. Wọ́n fún wa ní ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Ẹkún ni mo fi ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn sun. Òun ò sunkún. Ó wọ yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó kó gbogbo ìlù àti dùùrù inú mashíìnì náà dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohùn ara rẹ̀ sínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan sábẹ́ páàdì kan. Ojú ewé mẹ́rin ni mashíìnì náà ní, páàdì mẹ́rìndínlógún ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta péré ló láǹfààní àti mú dání kúrò nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ayé. Ẹ wo ohun tó mú. Ó mú "Ẹ kú àárọ̀." Ó mú "Omi." Ó mú "Rárá." Ó mú "Ó dùn, bù sí i." Ó mú orúkọ Ẹ̀ríolúwa, ọmọ wa kan ṣoṣo. Ó mú "Má bínú" lọ́nà mẹ́ta, nítorí ó mọ irú ìyàwó tó fẹ́: ọ̀kan fún ìbínú kékeré, ọ̀kan fún ìbínú ńlá, ọ̀kan fún ìgbà tí mo bá ti ń kẹ́rù. Páàdì kìíní, ojú ewé kìíní, oríkì mi ló fi síbẹ̀: Àṣàkẹ́. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun nìkan ló kù láyé tó ń pè mí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yè é, a padà sílé. Orí tábìlì ìjẹun ni mashíìnì náà wá ń gbé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá gbọ́ "Àṣàkẹ́" láti pálọ̀, èmi náà á sì dáhùn láti ìdáná pé mo ń bọ̀. Ẹni tó bá dúró níta kò lè mọ̀ pé ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí kò ní ohùn lọ́rùn mọ́. Ẹ̀rín kan ṣoṣo ló gbà sílẹ̀, ẹ̀rín gígùn kan tí ikọ́ díẹ̀ wà ní ìparí rẹ̀, ohunkóhun tó bá sì pa á lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn kan náà ni yóò tẹ̀. Mo máa ń sọ fún un pé, "Bàbá Ẹ̀rí, ẹ̀rín yín ti ṣá o." Yóò tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó ń bí mi nínú sí mashíìnì náà ni pé kò ní bátìrì. Ìgbà tí iná bá wà ni ọkọ mi ń sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, wọ́n mú ohùn rẹ̀ lọ náà nìyẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, à ń jà nítorí oògùn tí kò lò tán. Mo ń sọ tèmi, òun náà ń tẹ "Rárá, Rárá," ni iná bá lọ. Mi ò tètè mọ̀. Èmi nìkan wá ń pariwo nínú òkùnkùn lé ọkùnrin tí kò lè fèsì, àwọn ará ilé kejì sì ń gbọ́ mi. Nígbà tí iná dé, a ní láti dúró kí mashíìnì náà kó ara rẹ̀ jọ, ó máa ń gbà á tó ìṣẹ́jú méjì. Ó dúró, ó ń wo ojú mashíìnì, ìka rẹ̀ wà lórí páàdì. Bó ṣe ṣetán báyìí, ó tẹ "Má bínú," ìkẹta, ti ẹni tó ń kẹ́rù. Ìdáná ni mo lọ sunkún sí.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ara mi pé ọkọ mi máa ní mashíìnì tuntun. Mo ti rí i lọ́dọ̀ Mánsúrù, ọmọ kan tó ń ta ohun èlò orin ní Challenge. Tuntun yìí ní bátìrì nínú, ó lè lo wákàtí márùn-ún láìsí iná. Gíláàsì lojú rẹ̀, bíi ti fóònù, kì í fi àkókò ṣòfò kó tó ṣí. Èèyàn lè so ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta pọ̀ kó di gbólóhùn. Ohùn ìlù àti dùùrù tó bá a wá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè tún padà máa ṣe orin fún àwọn ìjọ.

Oṣù mẹ́rin la fi wọn ọ̀rọ̀ náà. Ọkọ mi kì í kánjú ra abẹ́rẹ́, ká má tíì sọ mashíìnì. Ó mú ìwé, ó fi rúlà fa ìlà sí àárín, ó kọ rere sápá kan, ó kọ ibi sápá kejì. Rere kò pọ̀ lọ títí: bátìrì, ìyára, iṣẹ́ ìjọ. Ibi ló kún. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan. Tí èèyàn bá rà á tán, àwọn ohùn tó dára jù níbẹ̀, wọ́n tún ń ta ìyẹn lọ́tọ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú owó dọ́là. Bí wọ́n ṣe ń lò ó yàtọ̀, ọwọ́ òun á tún lọ kọ́ṣẹ́ tuntun. Ó kọ ọ́ pé, "Eléyìí, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà láì lajú." Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ pé ẹ̀rù ń ba òun láti kó ohùn òun láti inú ọ̀kan sínú èkejì.

Mo ka ibẹ̀, mo pòṣé. Mo ní, "Ẹ̀rù kí ni? Fóònù mélòó ni mò ń kó ohun inú ẹ̀ sínú òmíràn lójúmọ́? Tí mo bá kó fọ́tò àwọn ọlọ́fọ̀ tí mi ò sọ ọ̀kan nù, ṣé ohùn ọkọ mi ni mo máa sọ nù?"

Ó tẹ "Mo ti gbọ́." Bí ẹ bá gbé pẹ̀lú Jóṣúà, ẹ máa mọ̀ pé "Mo ti gbọ́" kì í ṣe "Bẹ́ẹ̀ ni." Ohun tó máa ń tẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ mi bá ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo mọ̀, mo sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Mo pinnu lọ́kàn mi pé ahun ló ń ṣe é.

Oṣù Kẹta ni àbúrò bàbá rẹ̀ kú, ó lọ sìnkú ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ mẹ́ta. Kò gbé mashíìnì dání nítorí kò sí bátìrì nínú rẹ̀, ìwé àti bírò ló mú. Bí ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kúrò ní Ṣàngó ni mo ti ń ṣírò. Mánsúrù ti ní òun máa gba ti àtijọ́ lọ́wọ́ mi, kí n wá fi owó lé e. Kí Jóṣúà tó padà dé, màá ti parí iṣẹ́. Inú mi ń dùn, mi ò purọ́. Ó pẹ́ tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ yẹn.

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ni mo ki mẹ́mọ́rì káàdì bọ mashíìnì àtijọ́ náà. Mo ti ń wò ó lọ́wọ́ ọkọ mi, mo mọ ibi tí wọ́n ti ń fi nǹkan pamọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bi mí ní ìbéèrè kan lédè Gẹ̀ẹ́sì, kékeré báyìí, mo sì tẹ èyí tí ọwọ́ mi ti ń tẹ̀ lórí fóònù láti ọdún mọ́kànlá. Mi ò ka ìbéèrè náà. Kò pẹ́ rárá. Omi tí mo gbé ka iná kò tíì gbóná tó fi ní òun ti parí. Ó yẹ kí n mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ pé fọ́tò ìgbéyàwó kan ṣoṣo máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí n mọ̀ pé ohùn odidi ọkùnrin kò lè kéré tó bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀ mo dán an wò, ẹ má ṣe sọ pé mi ò dán an wò. Káàdì wà nínú rẹ̀, mo tẹ páàdì kìíní. Ó ní, "Àṣàkẹ́." Mo ní, "Ẹ fara balẹ̀, ẹ máa rí ohun tí mo ṣe fún yín." Ibi tí ohùn náà ti jáde ni inú mashíìnì, kì í ṣe inú káàdì, àmọ́ etí kò lè mọ ìyẹn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Ní Challenge, Mánsúrù gbé tuntun jáde, ó fi káàdì mi sí i. Lójú gíláàsì náà, orúkọ gbogbo rẹ̀ tò síbẹ̀ bí ọkọ mi ṣe kọ wọ́n: Àṣàkẹ́, Ẹ kú àárọ̀, Omi, títí dé ìkẹrìnlélọ́gọ́ta. Mo kà wọ́n. Wọ́n pé.

Mánsúrù ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi sípíkà sí i ká gbọ́ ọ."

Mo ní rárá. Ẹ mọ Challenge. Àwọn agbèrò ń pe Ìjẹ̀bú Òde, ń pe Èkó, ọmọ kan ń jà nítorí ṣéńjì, orin méjì ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà láti ṣọ́ọ̀bù méjì. Ṣé ibẹ̀ ni kí ọkọ mi ti máa pe oríkì mi? Kí àwọn èèyàn máa yọjú, kí wọ́n máa bèèrè pé kí nìyẹn? Ohùn yẹn ló kù fún mi lára ọkọ mi, mi ò fẹ́ kí etí ọjà gbọ́ ọ. Ìfẹ́ ló jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, ìfẹ́ ni, kò sì yí nǹkan kan padà.

Ní ti ohun tí mo ṣe tẹ̀ lé e, òwò wa ló kọ́ mi. Àwa tí à ń ta fóònù, a ní òfin kan: ohun tó o bá máa tà gbọ́dọ̀ jáde lọ́wọ́ rẹ lófìfo. Mo ti rí obìnrin tí fọ́tò rẹ̀ tàn kálẹ̀ nítorí fóònù tí wọn kò nu ohun inú rẹ̀ kúrò. Nítorí náà, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi nu nǹkan. Mo fa mashíìnì àtijọ́ mọ́ra láti nù ún.

Mánsúrù ní, "Màmá, ẹ ò bá mú un lọ sílé ná, kí bàbá fúnra wọn yẹ tuntun yìí wò. Tó bá di Mọ́ńdè, ẹ lè gbé ti àtijọ́ wá."

Mo ní, "Kí wọ́n tó já ọ lẹ́nu ọmú ni mo ti ń nu fóònù." Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n má bínú. Mo nù ún. Mo tún un nù lẹ́ẹ̀kejì, kó lè mọ́ dáadáa. Mo san owó tó kù, mo wọ kẹ̀kẹ́, mo gbé tuntun náà lé itan mi láti Challenge dé Agbówó.

Ọjọ́ Sọ́ńdè ló dé. Mo ti gúnyán, mo ti so mashíìnì náà mọ́ sípíkà lórí tábìlì, mo ti fi aṣọ bò ó. Mi ò tẹ̀ ẹ́ wò, mo fẹ́ kó jẹ́ òun ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí aṣọ, ó dúró. Ó wò mí. Ó tún wò ó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni pé nǹkan fẹ́ já. Mo ní, "Ẹ má dúpẹ́, ẹ sọ̀rọ̀." Ó jókòó. Ó rí oríkì mi lójú gíláàsì, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́.

Páàdì náà tanná. Kò sí ohùn.

Ó yí ohùn sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ "Ẹ kú àárọ̀." Ó tẹ "Omi." Mo ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Mo tẹ gbogbo rẹ̀, ojú ewé kìíní, ìkejì, ìkẹta, ìkẹrin, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iná ń tàn, iná ń kú. Mo gbọ́ bí ìka mi ṣe ń gbá gíláàsì. Òun ló di ọwọ́ mi mú kí n lè dúró.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí Mánsúrù tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni mo ti wà níwájú rẹ̀. Mashíìnì àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, kò tíì tà á. Ó tan án, ó ṣófo. Ó wo káàdì mi, ó sì sọ ọ́ fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: ìbéèrè tí mi ò kà yẹn, ohun tó ń bi mí ni bóyá kó kó orúkọ nìkan, tàbí kó kó orúkọ pẹ̀lú ohùn. Orúkọ ni mo kó. Ó gbé èyí tó ṣófo fún ẹnì kan ní Dùgbẹ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ohun tó ti nù. Ẹni náà wá a fún ọjọ́ mẹ́fà. Ó ní ká ní ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n nù ún, òun ì bá rí i.

Ẹ máa bi mí pé fóònù ńkọ́? Ṣé kò fi ohùn ránṣẹ́ sí mi rí lórí fóònù ni? Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà. Àmọ́ ẹni tó ń ta fóònù kì í ní fóònù. Tí oníbàárà bá fẹ́ èyí tó wà lọ́wọ́ mi, màá nù ún, màá tà á. Ti Ẹ̀ríolúwa ńkọ́? Èmi náà ni mò ń pààrọ̀ fóònù fún un. Mo tọ ìjọ lọ, wọ́n fi fídíò ọdún márùn-ún hàn mí. Níbi gbogbo, ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń ju ọwọ́ fún ogójì èèyàn tó ń kọrin. Ọ̀gá akọrin kì í kọ orin.

Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Ká ní ó na ìka sí mi, kó ní ṣé òun ò sọ fún mi? Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo ń dúró de ìbínú rẹ̀. Nígbà tó yá, mo rí i pé kò ní ohun tí yóò fi bú mi, èmi ni mo ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń jẹun, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé ní lẹ́tà wínníwínní: "Iyọ̀ díẹ̀." "Ta ló kan ilẹ̀kùn?" Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó fà mí dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò léékún mi.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló gbé gbohùngbohùn jáde láti yàrá ẹ̀yìnkùlé, ó so ó mọ́ mashíìnì tuntun, ó gbé e síwájú mi. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Bá mi sọ ọ́."

Mo ní, "Ohùn tèmi? Kí obìnrin máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín?"

Ó tún tọ́ka sí i: "Bá mi sọ ọ́."

Mo bá a sọ ọ́. Mo sọ "Ẹ kú àárọ̀." Mo sọ "Omi." Mo sọ "Rárá." Mo sọ "Má bínú" lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìkẹta sì gba ìdajì wákàtí nítorí ẹkún ń wọ inú rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé kí n rẹ́rìn-ín, mo gbìyànjú. Nígbà tó ku ẹyọ kan, páàdì kìíní, mo gbé gbohùngbohùn kalẹ̀. Mo ní kò sẹ́ni tó ń fẹnu ara rẹ̀ ki ara rẹ̀. Ó gbé e sí mi lẹ́nu. Mo yí ojú kúrò. Kò gbé e kúrò, ó dì í mú síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti rù hangogo yẹn. Mo ní, "Àṣàkẹ́." Mo sáré jáde.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo wà nídìí ẹ̀kọ, mo gbọ́ ohùn obìnrin kan láti pálọ̀ tó ń pè mí ní oríkì mi. Ohùn burúkú, ohùn tó ń kánjú. Orí mi gbóná. Mi ò dáhùn. Ó tún pè mí, mo gbá ìkòkò mọ́ ilẹ̀, mi ò dáhùn.

Ó pè mí lẹ́ẹ̀kẹta kí n tó rántí pé ọkọ mi ni. Mo ní mo ń bọ̀.